Sí Ìbùkún, Kó Tó Sọ fún Bàbá Fèrè Pé Kí Wọ́n Sinmi

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ,
Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì.

Ìbùkún mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo bí tí àwọn èèyàn ń pè ní àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìgèdè? Ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní kíláàsì rẹ ń jẹ́ kí o gbádùn? Èmi wà láàyè, máṣìnnì mi wà láàyè, àfi ayọ̀ tó fẹ́ gbé mi fò.

O ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí nígbà tí o pè mí lánàá. Bí o ṣe ní, "Màámi, àwọn àgbà báńdì ìjọ ti fi mí ṣe olórí wọn!" ńṣe ni mo pariwo. Èmi, tí àwọn oníbàárà ń sọ pé àfi bí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí kí n tó dáhùn. Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

"Ìyá Ìbùkún, ṣé abẹ́rẹ́ ló gún ọ?"

Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi ti di olórí báńdì."

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo omi náà, wọ́n gbé e mu tán. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń dákẹ́! Àyà mi ló nílò rẹ̀ báyìí."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí o wá sọ èkejì. O ní ní ìdánrawò ọjọ́ Jímọ̀ọ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí wàá ṣe ni pé kí o sọ fún Bàbá Fèrè pé kí wọ́n lọ sinmi kí ìkórè tó dé. O ní ọjọ́ ti lọ lórí wọn, wọ́n ń ba orin jẹ́, ìkórè yìí sì ni gbogbo ìjọ máa fi mọ irú olórí tí o jẹ́. Mo ní, "A óò sọ̀rọ̀," mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe pé inú bí mi. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ máa ń dé ọwọ́ mi kó tó dé ẹnu mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́. Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí tán kó tó di Jímọ̀ọ́.

Mi ò kọ ọ́ láti bu omi tútù sí ìdùnnú rẹ. Èmi gan-an, inú mi dùn ju tìrẹ lọ! Ìwọ rò pé àwọn arúgbó kan ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Èmi rí i pé wọ́n ti mú ọ wọ inú yàrá kan tí ọ̀pọ̀ olórin kì í dé títí irun wọn fi ń funfun.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, oyún rẹ ló sì tẹ̀lé ìwé náà. Nígbà tí o ti ń rá kòrò, ẹni tó ń ta gìtá béèsì ní ìjọ wa kó lọ sí ìlú mìíràn, gìtá náà wá ń fi ara rọ̀ mọ́ ògiri bí ẹ̀wù ẹni tó rìnrìn àjò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn nù ún. Láti orí nínù ni mo ti dé orí títa. Èmi ni mo kéré jù nínú báńdì nígbà náà, bí a bá yọ ìgbà tí ìwọ fi wà pẹ̀lú wa kúrò, èmi náà ni mo kéré jù títí di òní. Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí dáa púpọ̀ láti fi wo bí àwọn olórin ṣe ń dàgbà. Mo ti rí i lára wọn, mo sì ti ń rí i lára mi báyìí.

Àkọ́kọ́ ni ti eré sísá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń sáré jù ló mọ gìtá jù. N kì í fi àyè kankan sílẹ̀. Bí akọrin bá fẹ́ mí èémí, èmi ti wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Dàre tó ń lu dúrọ́ọ̀mù wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyá Ìbùkún, ta ló ń lé ọ?" Àwọn gan-an ńkọ́? Igi ìlù tí wọ́n ń ṣẹ́ lóṣù kan tó dáná ọbẹ̀. Àwa méjèèjì á jọ máa sáré, Ìyá Ayọ̀ tó ń dá orin á máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wa bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bọ̀ọ̀dá Dàre. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ìlù ńlá nísàlẹ̀ kò lè jó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá ń fo àwọn ibì kan. Bí wọ́n ṣe ń fò ó, èmi náà ń fò ó, nítorí gìtá béèsì tó bá dá nìkan wà níbi tí ìlù kò sí, òfo ló ń pariwo. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan nínú ìjọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ kú orí ire o. Èló lẹ ra sípíkà tuntun náà?" A ò ra sípíkà kankan. A kàn dákẹ́ níbi tó yẹ ni, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ orin fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá rí àgbà tó fo ibì kan, má tètè sọ pé kò lè ṣe é mọ́. Dúró, kí o gbọ́ ohun tó gba àyè náà wọlé.

Èkejì ni ti ohùn. Ó dé ìgbà kan tí ohùn Ìyá Ayọ̀ kò gun òkè mọ́. Gbogbo wa mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ. Ẹni kan ń gbé oyin wá, ẹni kan ń gbé atalẹ̀ wá, ẹni kan ní kí wọ́n má mu omi tútù mọ́. Níbi ìdánrawò lọ́jọ́ kan, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í là yìí, oyin ti sú mi. Kí ló ń ṣe mí gan-an?"

Mo kàn bẹ̀rẹ̀ orin tí a ń kọ́ lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ ibi tí a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Uṣẹ́ dé!" Wọ́n sì gba orin lẹ́nu gìtá. Ìbùkún! Gbogbo irun ara mi ló dìde. Ohùn kan jáde tí a ò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń gun òkè, ohùn tó gbóná tó sì ń fà bí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó. Bọ̀ọ̀dá Dàre gbàgbé láti lu ìlù. Ibi tó wà látọjọ́ yìí nìyẹn o, àwa ló ń fi ohùn tín-ínrín òkè yẹn bò ó mọ́lẹ̀!

Èmi náà ti ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Bí òtútù bá mú, ìka òsì mi máa ń le. Mo ń gbé abẹ́rẹ́ jìnnà sójú kí n tó rí ihò rẹ̀. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Ẹ̀rù kò bà mí, ara mi ń yá gágá ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi gìtá ta orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tí ọmọ kékeré lè kà, ìdùnnú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n lè jẹun nígbà tí mo délé.

Ẹ̀kẹta kò ní ògo nínú, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé báńdì ró. Wá àga tó ní ìfẹ̀yìntì fún àwọn àgbà rẹ. Gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí ìwọ náà sì jókòó sórí irú rẹ̀. Má ṣe dúró níwájú ìjọ kí o máa ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jókòó," bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣubú. Kọ orúkọ àwọn orin gàdàgbà sórí páálí, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wá awò ojú káàkiri àpò. Jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbé sípíkà, ṣùgbọ́n má gba fèrè lọ́wọ́ afọnfèrè pé o fẹ́ bá a gbé e, àfi bó bá nà án sí ọ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì dé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ oògùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, fún wọn ní àyè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń dà bíi kí n sunkún. Mo ti tún gìtá ṣe, mo ti dúró, wọ́n ṣì ń sọ ti ẹ̀yìn tó ń dun ni. Mo wá béèrè lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Dàre lọ́jọ́ kan pé ṣé wọn kò lè sọ ọ́ nílé ni. Wọ́n ní, "Ta ni màá sọ ọ́ fún nílé? Ìyàwó mi ti mọ ìtàn orúnkún yìí sórí. Bí mo bá ṣì í sọ, á tún un ṣe fún mi." Láti ọjọ́ náà, mo máa ń mú ẹ̀pà dání. À ń jẹ ẹ́, à ń gbọ́ ìròyìn orúnkún, a sì máa ń kọrin dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ.

Rántí ọjọ́ Àjíǹde kan níbí, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí o jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, tí o ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù girama. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó ń gbé gbogbo orin sókè láìjẹ́ pé ìka kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára. Orin gbóná, orí ìwọ náà gbóná, o tẹ̀ ẹ́. Ìjọ hó yèè. O tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ayọ̀ dá orin dúró, wọ́n fi makirofóònù béèrè pé, "Ìbùkún, ṣé kí a lọ yá àkàbà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí mo wọ ọkọ̀ ní Fájuyì wá kí ọ ní Ìgèdè, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, o mọ ìwà mi. Mo ń wo ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ dára, Àbẹ̀kẹ́, ó ti dára ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ! Ẹsẹ kìíní, kíbọ́ọ̀dù rẹ àti fèrè Bàbá jọ ń rìn. Ẹsẹ kejì, wọ́n jọ ń rìn. Bí ẹ ṣe fẹ́ wọ ẹsẹ kẹta, mo rí i tí ọwọ́ òsì rẹ fò kúrò, tó sì padà. O ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn akọrin gun òkè tẹ̀lé ọ. Bàbá Fèrè kù sísàlẹ̀. Wọ́n wá ọ̀nà, wọn kò rí i, wọ́n tún gbìyànjú, ó há. O bojú wẹ̀yìn, o sì lejú mọ́ wọn.

Ọmọ mi, kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnnì, fèrè idẹ kò ní. Bí orin bá ṣí kúrò ní ilé kan lọ sí ilé mìíràn, ètè àti ìka afọnfèrè ló gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹrù náà. Ẹni tó ti ń fọn orin kan láti ilé kan ṣoṣo kí á tó bí ọ, kò lè kó ẹrù láàárín ẹsẹ méjì.

Mi ò sọ pé ọjọ́ kò lọ lórí wọn. Ó lọ. Mo gbọ́ bí èémí wọn ṣe kúrú nígbà tí ẹ dé ẹsẹ kẹrin, mo sì rí i tí wọ́n fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni, ìwọ sì dì wọ́n pọ̀ sínú àpò kan. Èémí kúkúrú, ti ọjọ́ orí nìyẹn. Ti pé fèrè ṣìnà, ti bọ́tìnnì ni.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ọ nìyí. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí o ń ká wáyà, Bàbá Fèrè wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá rẹ̀ ni mí, sà."

"Há! Wọ́n ní ìwọ náà ń ta gìtá béèsì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn onígìtá béèsì kì í sọ̀rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara wọn. "A fẹ́ fi ọmọ rẹ ṣe olórí wa. Èmi ni mo dárúkọ rẹ̀. Má tíì sọ fún un o."

Mo dúpẹ́, mo wá ní, "Bàbá, ó máa ń yára díẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò jẹ́ sọ òtítọ́ fún mi. Wọ́n ń yìn mí bí ẹni ń tan ọmọ jẹun. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ tìrẹ kì í purọ́. Ṣé o rí bó ṣe wò mí lónìí? Bí ẹni pé mo jókòó lé gèlè rẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ní, "Bó bá ní kí n gbé fèrè sílẹ̀, màá gbé e sílẹ̀. N kò ní jà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ mi láti ulé tí mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ṣé o ti wá mọ ìdí tí mo fi pariwo lánàá? Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, mo fi ọwọ́ di ìdérí ìkòkò mú. Bí o ṣe sọ ọ́ fúnra rẹ ni ìkòkò náà hó dànù.

Nítorí náà, ní Jímọ̀ọ́, kí o tó sọ ohunkóhun, lọ jókòó ti Bàbá. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Bàbá, láti ibo lẹ ti máa ń fọn ọ́n?" Wọn yóò fọn díẹ̀ fún ọ. Wá ibẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì náà, kí ó jẹ́ ìka rẹ ló rìn lọ bá wọn. Ó lè ṣòro fún ọ, eyín kíbọ́ọ̀dù dúdú yóò pọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọ́, ìka rẹ ṣì ń gbọ́ràn. Bí ẹ bá ti wọ inú orin, gbé ọwọ́ kúrò, kí o sì gbọ́ wọn láwọn nìkan.

Má ṣe é nítorí àánú. Àgbà olórin tètè máa ń gbóòórùn àánú, kì í sì í jẹ ẹ́. Ṣe é nítorí pé o jẹ́ olórí, olórí kì í sì í dá ẹjọ́ ohun tí kò tíì gbọ́.

Bí o bá gbọ́ pé ohùn náà wà níbẹ̀, fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹsẹ ìkẹyìn, kí ọ̀dọ́ kan máa fọn àárín, kí èémí wọn lè padà wálé. Kó àwọn ọ̀dọ́ wọlé, mo fọwọ́ sí i! Ìgbádùn tó wà níbẹ̀, kí fèrè àgbà ṣílẹ̀kùn kí fèrè ọmọ wọlé, mi ò lè fi ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ tí etí rẹ, kì í ṣe ìkánjú rẹ, sọ fún ọ pé ó ti tán, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún wọn. Má rán ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn níbi tí èèyàn kò sí. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Sọ òtítọ́, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ní àwọn yóò gbà. Èmi náà yóò gbà, n kò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì ní kí n kí ọ, wọ́n ní bí n óò bá tún pariwo, kí n kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àwọn. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kó jókòó tì ọ́ sídìí kíbọ́ọ̀dù náà, Àbẹ̀kẹ́. Kí etí rẹ máa gbọ́ ju bí ọwọ́ rẹ ṣe ń yá lọ.

Ní Jímọ̀ọ́, màá tètè pa máṣìnnì. Má pè mí láti ṣàlàyé, torí ìwọ á máa yára, èmi á máa dákẹ́. Ṣáà pè, kí o gbé fóònù náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Fèrè, kí o sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí wọn yóò bá fi gbé fèrè sẹ́nu ní Ìgèdè, gìtá mi yóò ti wà lórí itan mi ní Adó.

Èmi ni,
Màámi rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn.